Douro: Ilẹ̀ tí Àgbẹ̀ Fi Òkúta Ṣe

Àwọn tó pè mí ní kí n mú agbègbè kan nílẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ti ń gbin àjàrà, kí n sọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, bí ojú ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, àti irú àjàrà tó ń so níbẹ̀. Mo mọ̀ pé Faransé ni ọ̀pọ̀ yín ti ń retí. Àfonífojì odò Douro, ní àríwá ilẹ̀ Pọtogí, ni mo mú. Ìdí rẹ̀ ni pé òkúta ni àgbẹ̀ bá níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọ́ ọ di ilẹ̀ kó tó rí ibi gbin nǹkan sí. N kò mọ ohun tó tún lè kọ́ ọmọ àgbẹ̀ ní ọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ju ìyẹn lọ.

Orí òkè Urbión nílẹ̀ Sípéènì ni odò náà ti ṣẹ̀. Duero ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ìrìn rẹ̀ dé òkun tó nǹkan bí 900 kìlómítà. Ní apá kan ìrìn náà, òun gan-an ni ààlà Sípéènì àti Pọtogí, tó ń gba inú ọ̀gbun láàárín àpáta kọjá. Bó bá ti wọ ilẹ̀ Pọtogí tán, ó di Douro, á kọrí sí ìwọ̀-oòrùn títí á fi já sínú Òkun Àtìláńtíìkì lẹ́bàá ìlú Porto. Ìlú Porto yìí ni wáìnì tí wọ́n ń pè ní port ti gba orúkọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ rí oko tí wọ́n ti ká àjàrà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò ní Porto, kó rin nǹkan bí 80 kìlómítà wọ inú ilẹ̀ lọ kó tó dé ẹnu ààlà agbègbè àjàrà náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí òkúta. Gíránáìtì ló yí agbègbè náà ká. Ẹni tó bá ti rí àpáta Ìdànrè mọ irú rẹ̀: ó le, ó ṣù, kò ṣeé wọ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti ń sún mọ́ odò, òkúta mìíràn ló máa bá, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní schist. Abala-abala ni schist, bí ìwé tí wọ́n tò léra. Lù ú, á ṣí. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Douro, àwọn abala náà nàró bí ẹní tí wọ́n ká gbé ti ògiri, wọn ò dùbúlẹ̀. Oríire àjàrà nìyẹn. Òjò ìgbà òtútù á gba àárín abala rì wọlẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá bá dé, gbòǹgbò àjàrà á gba ojú kan náà wá omi lọ, á rìn jìnnà ní ọ̀pọ̀ mítà nísàlẹ̀. Lórí gíránáìtì, gbòǹgbò ò rí ọ̀nà gbà. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé bí schist bá ṣe lọ ni ọgbà àjàrà tó dára jù máa ń bá a lọ.

Ṣùgbọ́n òkè ibẹ̀ dagun. Omi ò ní dúró, erùpẹ̀ ò ní dúró, ènìyàn pàápàá á wá nǹkan dì mú kó má bàa yọ́ ṣubú. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ṣe ni pé wọ́n gbé dígà àti òòlù, wọ́n la òkúta náà. Èyí tó tóbi, wọ́n fi mọ ògiri. Èyí tó kéré, wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n dà á sẹ́yìn ògiri, ó di ilẹ̀. Wọ́n tún gun òkè díẹ̀ sí i, wọ́n mọ òmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti etí odò títí dé góńgó òkè. Socalcos ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ìpele wọ̀nyí. Kò sí amọ̀, kò sí sìmẹ́ǹtì láàárín òkúta kan àti èkejì. Ọwọ́ ẹni tó tò ó ló mú un dúró, omi òjò sì ń gba àárín rẹ̀ jáde láìbì í wó. Ní àwọn ibì kan, wọ́n dá ihò sí ara ògiri náà, inú ihò ni wọ́n gbin igi àjàrà sí, kí orí ilẹ̀ tó tẹ́jú lè ṣẹ́ kù fún ọkà tí wọn yóò jẹ. Pilheiros ni wọ́n ń pe ihò bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi rò ó wò: ilẹ̀ wọ́n débi pé àgbẹ̀ gbin igi sínú ògiri.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ ògiri yìí jẹ́ alágbàṣe tó rìn wá láti Galicia nílẹ̀ Sípéènì, lókè ààlà, tí wọ́n ń gba owó ojúmọ́. Bí ẹ bá gbé ìgò port, orúkọ oníṣòwò lẹ máa kà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ẹni tó to òkúta ò sí níbì kankan. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, nítorí pé bí a bá mú ògiri kúrò, kò sí ilẹ̀. Bí kò sì sí ilẹ̀, kí ni oníṣòwò fẹ́ tà? Nígbà tí UNESCO fi apá kan agbègbè náà, tó ju 24,000 hẹ́kítà lọ, sára ogún àjọni gbogbo ayé ní 2001, ohun tí wọ́n kà sí jù ni ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn ti tún dá. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé wọ́n rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ojú ọ̀run. Atẹ́gùn tó ń ti orí òkun bọ̀ máa ń gbé òjò dání. Láàárín òkun àti ọgbà àjàrà, òkè Marão dúró, gíga rẹ̀ lé ní 1,400 mítà. Òkè Montemuro wà ní òdìkejì odò. Àwọn òkè yìí ló ń já òjò gbà lọ́wọ́ atẹ́gùn. Porto máa ń tutù, òjò rẹ̀ kì í wọ́n. Ẹni tó bá kọjá sẹ́yìn Marão á rí i pé ojú sánmà ti là, ilẹ̀ ti gbẹ. Apá ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n ń pè ní Baixo Corgo lè rí 1,000 mílímítà òjò lọ́dún. Ní àárín, ní Cima Corgo, níbi tí ìlú Pinhão wà, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 650. Ní Douro Superior, tó lọ kan ààlà Sípéènì, nǹkan bí 400 ló kù. Láti òpin kan dé èkejì, ìrìn náà ò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ.

Ohun kan wà tó yẹ kí ọmọ Yorùbá fi sọ́kàn kó tó lè mọ bí àjàrà ṣe ń gbé ayé. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò ló ń mú nǹkan dàgbà. Bí òjò bá dá, oko sinmi. Ní Douro, inú òtútù ni òjò ń rọ̀, nígbà tí igi àjàrà ti wọ́wé tó ń sùn. Oṣù kẹta ni ó máa ń rúwé. Láti ìgbà náà, omi ń dínkù bí èso ṣe ń dàgbà, títí oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí òjò lè má kán rárá, tí ooru á gun 40 dígírì kọjá lẹ́bàá odò. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń júwe ọdún wọn: oṣù mẹ́sàn-án òtútù, oṣù mẹ́ta ọ̀run àpáàdì. Inú ọ̀run àpáàdì yẹn ni àjàrà ti ń pọ́n. Igi tí òùngbẹ ń gbẹ kì í so púpọ̀, èso rẹ̀ kì í tóbi, èèpo rẹ̀ a nípọn, ṣúgà inú rẹ̀ a ki. Lálẹ́, òkúta schist tó ti mu oòrùn láti àárọ̀ á máa tú ooru náà jáde sára èso.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo oko ló gbóná bákan náà. Odò náà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àwọn odò bíi Corgo, Pinhão, Tua àti Côa ń já sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àfonífojì tirẹ̀. Oko kan lè kọjú sí gúúsù kí oòrùn má fi í sílẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Oko tó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì odò á kọjú sí àríwá, òjìji á bò ó fún wákàtí púpọ̀. Etí odò ló gbóná jù. Bí èèyàn bá ń gòkè dé 500 tàbí 600 mítà, afẹ́fẹ́ á máa tutù, èso á máa pẹ́ kó tó pọ́n. Ní àwọn ọdún 1940, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Álvaro Moreira da Fonseca ṣètò bí wọ́n ṣe máa fún oko kọ̀ọ̀kan ní máàkì: bó ṣe ga tó, bó ṣe dagun tó, ibi tó kọjú sí, irú òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ orí igi rẹ̀. Láti A dé F ni wọ́n pín oko sí, ìpín yìí ló sì wà nídìí iye wáìnì tí wọ́n máa yọ̀ǹda fún oko kan láti sọ di port lọ́dọọdún.

Ó tó kí a bọ́ sórí àjàrà fúnra rẹ̀. Irú tó jẹ́ ti agbègbè náà ju ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú oko àtijọ́, àdàpọ̀ ni wọ́n ń gbìn ín, gẹ́gẹ́ bí bàbá wa ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀wà sójú kan. Ogún irú, ọgbọ̀n irú lè wà nínú oko kan ṣoṣo. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ká gbogbo rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n mu ún pọ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣẹ́ wáìnì méjì, José Ramos Pinto Rosas àti João Nicolau de Almeida, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wáìnì irú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé wá. Márùn-ún ló yọrí jù nínú iṣẹ́ wọn.

Touriga Nacional ni ọba wọn. Èso rẹ̀ kéré, kì í so púpọ̀, ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà kan. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí aró, òórùn rẹ̀ a sì máa ta sánsán bí òdòdó. Touriga Franca ni wọ́n gbìn jù lónìí, nítorí pé ó fara da ooru, ó sì ń so déédéé. Tinta Roriz ni èyí tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní Tempranillo. Ó ti pẹ́ ní Douro débi pé ó ti gba orúkọ ibẹ̀ jẹ́. Tinta Barroca a máa dùn kíákíá, ṣùgbọ́n oòrùn àsọjù á mú un rọ bí èso tí wọ́n sá, nítorí náà ojú àríwá ni ọlọgbọ́n àgbẹ̀ ń gbìn ín sí. Tinto Cão ṣọ̀wọ́n. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ajá pupa. Kì í so tó bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, bẹ́ẹ̀ ooru ò rí i gbé ṣe. Sousão wà lẹ́yìn wọn, èyí tó ń fún wáìnì ní àwọ̀ àti kíkan. Àwọn funfun náà wà: Viosinho, Gouveio, Malvasia Fina, àti Rabigato, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ìrù ológbò.

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àwọn ọkùnrin méjì yẹn, nítorí pé òkùnkùn ni àgbẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ nípa ohun tó ń gbìn. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní hú oko àdàpọ̀ kan dànù. Ọdún tí ooru bá pa Barroca, Tinto Cão á yè. Ọdún tí ọ̀kan bá kùnà láti kan, Sousão á kan fún un. Ẹni tó kọ́kọ́ gbin irú oko bẹ́ẹ̀ lè má mọ orúkọ ìdajì ohun tó gbìn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọdún ò jọra.

Oṣù kẹsàn-án ni ìkórè. Wọ́n ń kó àjàrà wọ inú lagar, ìyẹn ọpọ́n ńlá tí wọ́n fi gíránáìtì ṣe, àwọn ènìyàn á bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á di èjìká ara wọn mú, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ lọ, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ẹnì kan á sì máa ka ìṣísẹ̀ fún wọn. Ẹsẹ̀ ènìyàn rọ̀. Ó ń fọ́ èèpo láìfọ́ kóró, kóró tó bá sì fọ́ a máa mú wáìnì korò. Ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù báyìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò tíì kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó mọ ẹmu á tètè lóye ohun tó kù. Ẹmu àárọ̀ dùn, tìrọ̀lẹ́ ti kan, torí pé ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di ọtí. Àwọn ará Douro ń dá a dúró lágbedeméjì. Nígbà tí nǹkan bí ìdajì ṣúgà bá kù, wọ́n á da ọtí líle tí wọ́n fi wáìnì sè sí i, èyí tí líle rẹ̀ jẹ́ 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwúkàrà á kú, adùn á dúró. Lítà 115 ọtí líle sí lítà 435 omi àjàrà: ó di lítà 550, ẹ̀kún àgbá kan nínú ìṣirò wọn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ port di ọjà ńlá. Ìjà wọn pẹ̀lú Faransé ò jẹ́ kí wáìnì Faransé rọrùn rà, àdéhùn tí wọ́n sì bá Pọtogí ṣe ní 1703 mú kí owó bodè wáìnì Pọtogí fúyẹ́ ju ti Faransé lọ. Bí owó ṣe dé ni èrú dé. Àwọn kan ń fi èso igi elder pa wáìnì tó ṣá láró. Ọjà bàjẹ́, oníbàárà sá. Ní oṣù kẹsàn-án 1756, Sebastião José de Carvalho e Melo, tí a mọ̀ sí Marquês de Pombal lẹ́yìn náà, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa darí òwò náà, ó sì ní kí wọ́n gé ààlà. Òpó gíránáìtì 335 ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ FEITORIA sí lára. Wọ́n pàṣẹ kí wọ́n hú igi elder. Inú àwọn tálákà Porto ò dùn sí ilé iṣẹ́ yìí, torí pé ó ti gba títa wáìnì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dìde ní oṣù kejì 1757, ìjọba sì so àwọn kan nínú wọn kọ́. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n fún ní àṣẹ pé òun nìkan ni yóò máa kó wáìnì àti ọtí líle lọ sí Rio de Janeiro, São Paulo, Pernambuco àti Bahia, nílẹ̀ Brazil. Orúkọ Bahia kì í kọjá létí mi lásán. Ìlú tí àgbá Douro ń gúnlẹ̀ sí ni ìlú tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ ní ẹrú.

Odò ni ọ̀nà nígbà náà. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní rabelo, tó ní ìtọ́kọ̀ gígùn lẹ́yìn, ló ń gbé àgbá sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta àti omi tó ń ru, títí dé Vila Nova de Gaia, ní òdìkejì Porto, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti tutù tó fún wáìnì láti dàgbà. Àwọn tukọ̀tukọ̀ ń kú lójú odò yìí. Ní oṣù karùn-ún 1861, ọkọ̀ kan dànù níbi tí wọ́n ń pè ní Cachão da Valeira. Joseph James Forrester wà nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó ya àwòrán ilẹ̀ Douro tó péye, tí wọ́n sì fi joyè nílẹ̀ Pọtogí. Ó rì, wọn ò rí òkú rẹ̀. Dona Antónia Adelaide Ferreira wà nínú ọkọ̀ kan náà, ó sì yè. Àwọn ènìyàn ní yẹ̀rì rẹ̀ tó fẹ̀ ló gbé e léfòó. Ọmọ ìlú Régua tí wọ́n bí ní 1811 ni obìnrin yìí, ó sì di ẹni tó ní ilẹ̀ àjàrà jù ní àfonífojì náà. Lẹ́yìn tó ti pé ọgọ́ta ọdún, ó kọrí sí Douro Superior, sínú igbó tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ó dá oko Vale Meão sílẹ̀ níbẹ̀.

Àjálù tó dé bá àwọn àgbẹ̀ Douro nígbà ayé rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Kòkòrò phylloxera, tó bá igi àjàrà wá láti Amẹ́ríkà, dé Douro ní àwọn ọdún 1860. Gbòǹgbò ló ń fà mu. Igi á rọ, á gbẹ, oko á kú lódindi. Ohun tó kó wọn yọ ni pé gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà fara da kòkòrò náà, nítorí náà wọ́n lọ́ ẹ̀ka Touriga mọ́ ìdí igi Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ló lówó láti tún gbìn.

Ojú irin dé Régua ní 1879, ó dé Barca d'Alva lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Sípéènì ní 1887, iṣẹ́ rabelo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sé odò náà sí ibi márùn-ún lápá Pọtogí ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Odò tó ń bú ramúramù ti dà bí adágún. Katakata ti ń gé ìpele tuntun láìmọ ògiri. Ooru ń le sí i, àwọn àgbẹ̀ kan sì ti ń wo orí òkè, níbi tí àwọn baba wọn kà sí ibi tó tutù jù. Ògiri àtijọ́ náà ń fẹ́ àtúnṣe. Lẹ́yìn òjò líle, apá kan á ya lulẹ̀, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó láìlo sìmẹ́ǹtì sì ń dínkù. Àwọn ọmọ ti lọ sí Porto, sí Faransé.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń tọ etí odò lọ sókè, ẹ máa rí àwọn ìpele kan tí kò sí àjàrà lórí wọn. Mortórios ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ tó jọ mọ́ ikú. Ibi tí phylloxera ti pa oko nìyẹn, tí ẹni tó ni ín kò padà gbìn. Igbó ti bò wọ́n, igi ólífì kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Lábẹ́ igbó náà, ògiri ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì dúró.